Ogun Tó Parí Nígbà Tí Ọ̀pọ̀ Ọmọ Ogun Ṣì Wà Láàyè: Àlàyé Lórí Géèmù Field of Glory II

Ohun kan máa ń ya ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá Field of Glory II lẹ́nu. Á kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jọ, á tò wọ́n sórí pápá, á bá ọ̀tá jà fún bíi wákàtí kan. Tó bá wo iye èèyàn tó kù, tirẹ̀ á pọ̀ ju ti ọ̀tá lọ, àwọn tó sì ti kú nínú wọn kò ní tó nǹkan. Lójijì ni kọ̀ǹpútà á sọ fún un pé ogun ti parí, òun ni wọ́n ṣẹ́gun. Inú á bí i. Á ní màgòmágó ni géèmù yìí ń ṣe.

Kò sí màgòmágó níbẹ̀. Ohun tí ẹni yẹn ń kà ló yàtọ̀ sí ohun tí géèmù náà ń kà. Orí èèyàn ló ń kà. Géèmù náà ń ka ọ̀wọ́ ọmọ ogun tó ti fọ́n ká. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ẹni tó bá ti yé á rí i pé kì í ṣe géèmù nìkan ló yé e, ogun àtijọ́ fúnra rẹ̀ á yé e ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọdún 2017 ni Field of Glory II jáde fún kọ̀ǹpútà. Richard Bodley Scott ni olórí àwọn tó ṣe é, Slitherine ló sì gbé e jáde. Orí tábìlì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe irú eré yìí, pẹ̀lú ère ọmọ ogun kéékèèké àti dáìsì bíi ti lúdò. Àwọn ogun tó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 280 ṣáájú ìbí Kristi títí dé ọdún 25 ṣáájú ìbí Kristi. Ìgbà tí Róòmù ń jáde bọ̀ nìyẹn, tí Carthage, ìlú alágbára kan ní àríwá Áfíríkà, ń bá a du òkun, tí àwọn ìjọba tí àwọn ọ̀gágun Alexander pín láàárín ara wọn sì ń jẹ ara wọn run.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ “ó kàn mí, ó kàn ọ́” kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ géèmù ogun ló jẹ́ pé kó o tó ṣẹ́jú, ọ̀tá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ayò ọlọ́pọ́n ló jọ. Tó bá kàn ọ́, ọpọ́n á dúró dè ọ́. O lè rò ó títí, o lè fi ojú ka ọmọ ayò inú ilé kọ̀ọ̀kan kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Tó o bá ṣe tán, ó di ti ẹnì kejì. Pápá ogun náà pín sí ojú onígun mẹ́rin, ọ̀wọ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ojú kan, ó dojú kọ ọ̀nà kan. Bí ẹni tí ò ń bá jà bá wà nílùú mìíràn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti máa fi ìgbésẹ̀ ránṣẹ́ sí ara yín. O lè ṣe tìrẹ lónìí, kí ó ṣe tirẹ̀ lọ́la. Bí iná bá lọ láàárín, ogun yín wà níbi tí ẹ fi í sí.

Àmọ́ ibì kan wà tó ti yàtọ̀ sí ayò, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣìnà. Nínú ayò, tí mo bá ń ta tèmi, ilé tìrẹ kì í dá nǹkan ṣe. Nínú géèmù yìí, ọ̀wọ́ méjì tó bá ti wọ̀yá ìjà kò mọ ẹni tó kàn. Wọ́n á jà nígbà tó kàn mí, wọ́n á tún jà nígbà tó kàn ọ́. Nítorí náà, bí mo bá rán ọ̀wọ́ kan lọ kọlu ọ̀tá báyìí, wọ́n á ti fìjà pẹ́ẹ́ta lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó tún kàn mí. Ẹlẹ́sẹ̀ tó ti dì mọ́ ọ̀tá kò sì ṣeé pè padà. Ẹni tó bá ń rò pé òun á kàn fọwọ́ tọ́ ọ wò, tí kò bá dáa òun á fà á sẹ́yìn, á rí i pé ọwọ́ òun ti há.

Ó wá ku ohun tí ó ń jẹ́ kí ogun parí.

Lójú ogun ìgbà náà, ìlà méjì ló ń kojú ara wọn. Ọmọ ogun kan fi apata bo ara rẹ̀ àti díẹ̀ lára ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìlà bá ṣì dúró, ikú kì í pọ̀, torí apata àti àṣíborí ń ṣe iṣẹ́ wọn, ẹni tó wà lẹ́yìn sì ń ti ẹni tó wà níwájú lẹ́yìn. Ìgbà tí ìlà kan bá yí ẹ̀yìn padà tó sì ń sá lọ ni ikú ń pọ̀, torí kò sí ẹni tó ń fi apata bo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ohun tí ọ̀gágun kọ̀ọ̀kan ń wá ni bí yóò ṣe mú kí ìlà ẹnì kejì tú. Pípa á tẹ̀ lé e.

Ẹ wo ìgbálẹ̀ tí okùn ìdí rẹ̀ ti ń tú. Kà á, ẹyọ ọwọ̀ inú rẹ̀ pé, kò sí èyí tó ṣẹ́, kò sí èyí tó sọnù. Síbẹ̀ fi í gbálẹ̀, wàá rí i pé ilẹ̀ kò mọ́. Okùn yẹn ni géèmù náà ń wò lára ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì pín in sí ipò mẹ́rin. Steady ni ipò àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé ìlà dúró gbọn-in. Disrupted ló tẹ̀ lé e: ìlà ti ń yà, àyè ti ń ṣí láàárín èèyàn méjì. Ìkẹta ni Fragmented: olúkúlùkù ti ń wo ibi tí òun máa gbà sá, wọn ò sì lè kọlu ẹnikẹ́ni mọ́. Ìkẹrin ni Routed, wọ́n ti ju apata nù, wọ́n ń sá lọ. Ọ̀wọ́ kan lè já láti ipò kìíní dé ìkẹrin nígbà tí mẹ́jọ nínú ẹni mẹ́wàá rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Kí ló ń já wọn sílẹ̀? Bí wọ́n bá pàdánù nínú ìjà, bí ọfà bá ń pa wọ́n ju bó ti yẹ lọ, bí ọ̀gágun wọn bá kú, bí àwọn ará wọn tó wà nítòsí bá sá lójú wọn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló burú jù, torí ìbẹ̀rù ń ràn. Ọ̀wọ́ kan á sá, méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gbọ̀n, ọ̀kan nínú wọn á já sílẹ̀, ọ̀tá tó ń bá a jà á rọ́nà, ó di pé ìlà tó dúró ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ti dà wó lulẹ̀ bí ògiri tí òjò ti jẹ ìdí rẹ̀. Ọ̀gágun tó bá wà nítòsí lè gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n tún gbára dì, ṣùgbọ́n kò lè wà níbi gbogbo.

Ọ̀nà kan tún wà tó yára ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ: kí o kọlu ọ̀tá láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti ẹ̀yìn. Àwọn tí wọ́n bá kọlù bẹ́ẹ̀ á já sílẹ̀ ní ipò kan lójú ẹsẹ̀, kí ìjà gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbẹ́ ìlà fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ nínú géèmù náà. Àwa Yorùbá kò ní láti lọ jìnnà kí èyí tó yé wa. Oyè ogun wa sọ ọ́ tán: Balógun ń bẹ, Ọ̀tún Balógun ń bẹ, Òsì Balógun ń bẹ. Iṣẹ́ ni orúkọ wọ̀nyẹn kó tó di oyè tí a ń fi dáni lọ́lá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dá ọwọ́ ọ̀tún mọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dá ọwọ́ òsì mọ́, torí ibẹ̀ ni àárín ti ń kú. Ní Cannae, nílẹ̀ Ítálì, lọ́dún 216 ṣáájú ìbí Kristi, ẹlẹ́sẹ̀ Róòmù tó bíi 80,000, ti Hannibal, ọ̀gágun Carthage, kò ju 40,000 lọ. Àmọ́ ẹlẹ́ṣin Hannibal lé ẹlẹ́ṣin Róòmù lọ, wọ́n sì yí padà wá kọlu ẹ̀yìn àwọn ẹlẹ́sẹ̀ náà. Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ wá di ìṣòro wọn: àwọn tó wà láàárín kò rọ́wọ́ gbé idà.

Èyí tó là mí lójú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ phalanx, ìyẹn ìlà ẹlẹ́sẹ̀ Makedóníà tó ń sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí tó sì ń fi ọ̀kọ̀ gígùn jà, àti líjíọ̀nù, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Róòmù, torí òun ni àwọn èèyàn ń jiyàn lé lórí jù. Nínú géèmù náà, o lè kó ọmọ ogun Róòmù lọ kojú phalanx Makedóníà ní ìgbà mẹ́ta, kí phalanx tì ọ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan bí omíyalé, kí ó sì fọ́ yángá lọ́wọ́ rẹ nígbà méjì tó kù. Ẹni tí kò bá mọ ìdí á ní oríire ni. Kì í ṣe oríire.

Ọ̀kọ̀ tí phalanx ń lò gùn tó mítà 5 sí 6. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé e. Ẹnu ọ̀kọ̀ ìlà márùn-ún àkọ́kọ́ ló máa ń yọ síwájú, tó fi jẹ́ pé ará Róòmù kan tó mú idà kúkúrú dání ní láti la ẹnu ọ̀kọ̀ mélòó kan kọjá kó tó fojú kan èèyàn. Níwájú, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí ìlà wọn bá dúró, kò sí ẹni tó lè fi idà wọ ibẹ̀. Géèmù náà fi ìyẹn sínú òfin rẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí phalanx bá wà ní Steady, àǹfààní tí idà ń fún ará Róòmù ti pòórá. Àmọ́ jẹ́ kí phalanx yẹn já sí Disrupted, tàbí kí ó wọ inú igbó, tàbí kí ó gun òkè olókùúta. Ọ̀kọ̀ gígùn náà á di ẹrù. Àwọn tó gbé e kò lè yí padà, àlàfo á ṣí láàárín wọn, idà á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà ìbéèrè “èwo ló lágbára jù nínú phalanx àti líjíọ̀nù?” kò pé. Ó yẹ kéèyàn fi kún un: lórí ilẹ̀ wo, ìlà ta ló sì ṣì dúró?

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an lójú ayé nìyẹn ní Cynoscephalae, ní agbègbè Thessaly nílẹ̀ Gíríìsì, lọ́dún 197 ṣáájú ìbí Kristi. Philip V, ọba Makedóníà, ló kojú Flamininus, ọ̀gágun Róòmù. Kùrukùru bo òkè lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ ogun méjèèjì sì ṣèèṣì kan ara wọn ni. Philip kó ìdajì phalanx rẹ̀ dé orí òkè, ó sì fi wọ́n ya lu apá òsì ogun Róòmù láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ará Róòmù kò dúró níbẹ̀. Wọ́n ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bí ogun bá parí ní ìṣẹ́jú yẹn, Philip ni ìbá borí. Àmọ́ ìdajì kejì phalanx ṣì ń gun òkè bọ̀, wọn ò tíì to ìlà. Flamininus fi apá tó ń ṣubú sílẹ̀, ó lọ sí ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀, ó fi erin ṣíwájú, ó sì kọlu àwọn tí kò tíì to ìlà yìí. Wọn ò dúró rárá. Wọ́n sá.

Ìgbà náà ni ọ̀gá kan nínú ogun Róòmù, tí ìtàn kò dárúkọ rẹ̀, wo ẹ̀yìn, ó rí i pé phalanx tí Philip kó wá ṣì ń ti ará Róòmù lọ nísàlẹ̀ òkè, ẹ̀yìn wọn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò dúró gba àṣẹ. Ó kó ogún ọ̀wọ́ kéékèèké jáde lára àwọn tó ń lé ọ̀tá lọ, ó yí padà, ó sì gba ẹ̀yìn wọlé sí phalanx náà. Ẹni tó gbé ọ̀kọ̀ mítà 6 láàárín ìlà mẹ́rìndínlógún kò lè bojú wẹ̀yìn. Polybius, tó kọ ìtàn ogun náà, sọ pé bíi 8,000 ló kú nínú àwọn ọmọ ogun Philip, wọ́n sì mú 5,000 lẹ́rú. Àwọn ará Róòmù tó kú jẹ́ nǹkan bí 700. Ó tún sọ pé àwọn Makedóníà gbé ọ̀kọ̀ wọn dúró lóòró, èyí tó jẹ́ àmì wọn pé àwọn ti túúbá, ṣùgbọ́n àwọn ará Róòmù kò mọ ohun tí àmì náà túmọ̀ sí. Kó tó yé wọn, ọ̀pọ̀ ti kú. Mi ò lè ka ibẹ̀ kó má dùn mí.

Ẹ tún wo iye méjèèjì yẹn: 700 àti 8,000. Ìdajì phalanx yẹn ń borí títí dé ìṣẹ́jú tí wọ́n kọlù wọ́n lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé iye òkú la fi ń mọ ẹni tó ń borí, kò sí ohun tí ìbá sọ fún Philip pé ó kù díẹ̀ káàtó. Ìlà tí kò tíì tò lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ló yẹ kó máa wò.

Ohun mìíràn tó ń mú àwọn èèyàn bínú ni ìlépa. Bí ọ̀wọ́ rẹ bá lé ọ̀tá sá, ó lè máa tẹ̀ lé wọn lọ láìgba àṣẹ rẹ, pàápàá tó bá jẹ́ ẹlẹ́ṣin. O ti rò ó pé tó bá tún ti kàn ọ́, ẹlẹ́ṣin rẹ á yí padà sí ẹ̀gbẹ́ àárín ọ̀tá, àfi bó o ṣe rí wọn lọ́nà jíjìn réré, tí wọ́n ń lé àwọn tó ti ń sá kiri. Mo ti rí ẹni tó ń pe èyí ní àṣìṣe inú géèmù. Mo máa ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó lọ bi Antiochus III.

Ní Raphia, tí a mọ̀ sí Rafah lónìí, lọ́dún 217 ṣáájú ìbí Kristi, Antiochus ọba Síríà kojú Ptolemy IV ọba Íjíbítì. Antiochus ní ẹlẹ́sẹ̀ 62,000, ẹlẹ́ṣin 6,000 àti erin 102. Ptolemy ní ẹlẹ́sẹ̀ 70,000, ẹlẹ́ṣin 5,000 àti erin 73. Ọwọ́ ọ̀tún ni Antiochus fúnra rẹ̀ wà pẹ̀lú ẹlẹ́ṣin, ó sì tú ọwọ́ òsì Ptolemy ká. Ọ̀dọ́ ni, ogun dùn mọ́ ọn, ó ń lé wọn lọ, ó gbà pé bí òun ti ń borí níhìn-ín ni àwọn tòun ń borí níbi gbogbo. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní kó wo eruku tó ń lọ láti àárín pápá. Ibùdó ogun Antiochus ni eruku náà dojú kọ. Àwọn tó wà láàárín rẹ̀ ti sá, torí Ptolemy ti bọ́ sí iwájú phalanx tirẹ̀, ó fara hàn wọ́n, ó fún wọn nígboyà, wọ́n sì kọlu phalanx Antiochus tí kò ní ọba lọ́dọ̀. Antiochus sáré padà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìlépa tí kò gba àṣẹ nínú géèmù náà, Antiochus nìyẹn. Ẹni tó bá ti mọ̀ á máa ṣètò ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ní méjì méjì, kí ọ̀kan máa lé ọ̀tá lọ bó bá fẹ́, kí èkejì wà nílẹ̀ láti yí sí àárín.

Oríire wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní pa á mọ́. Kó o tó kọlu ẹnikẹ́ni, géèmù náà á fi hàn ọ́ ìgbà mélòó nínú 100 tí o lè borí, ìgbà mélòó tí o lè pàdánù. Tó bá fi hàn pé ìgbà 10 nínú 100 ni ewu wà, ọ̀pọ̀ á kà á sí pé ewu kò sí. Àmọ́ nínú ogun kan, o lè kọlu ọ̀tá nígbà 20 bẹ́ẹ̀. Méjì á bà jẹ́, o kò sì mọ èyí tí yóò jẹ́. Ìdí nìyí tí Róòmù fi ń to ẹlẹ́sẹ̀ wọn ní ìlà mẹ́ta: àwọn hastati níwájú, àwọn principes lẹ́yìn wọn, àwọn triarii tó dàgbà jù lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí ọ̀ràn bá le gan-an, àwọn ará Róòmù máa ń sọ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn triarii. Bí mo bá ń gbá a pẹ̀lú Róòmù, mi ò ní jẹ́ kí triarii kan kúrò lẹ́yìn títí tí ihò kan yóò fi ṣí níwájú, bó ti wù kí ọwọ́ máa yún mi tó.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ẹni tí inú ń bí níbẹ̀rẹ̀. Òfin tó fi parí ogun rẹ̀ rèé. Bí ìdá 60 nínú 100 ogun ẹnì kan bá ti fọ́n ká, ó ti tán fún un. Ṣùgbọ́n ó lè tán kó tó dé ibẹ̀: bó bá ti dé ìdá 40, tí ti ọ̀tá sì fi ìdá 25 ó kéré tán dín sí tirẹ̀, ogun ti parí. Tirẹ̀ ti dé 42, ti ọ̀tá wà ní 14. Àwọn èèyàn rẹ̀ wà láàyè lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sá lójú ọ̀nà, apata wọn ti wà nílẹ̀.

Ká ní ti ọ̀tá wà ní 20, ìdá 22 ló wà láàárín wọn, ogun ì bá ṣì máa lọ. Ìgbà yẹn kì í ṣe ìgbà tó yẹ kéèyàn máa ronú bó ṣe máa gba ọ̀wọ́ tó ti wà ní Fragmented là. Kó wá ọ̀wọ́ ọ̀tá kan tó ti wà ní Disrupted, tó ń bá ẹlòmíì jà lọ́wọ́, kó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Bí ìyẹn bá sá, 20 ọ̀tá á lé, àyè á tún ṣí fún un láti jà, títí ó fi máa dé 60.